Denis Papin, Ẹni Tí Ó Dé Ooru Omi Mọ́ Inú Ìkòkò

Kò sí ọmọ tí a tọ́ dàgbà lẹ́bàá ààrò tí kò mọ̀ pé bí omi bá ń hó nínú ìkòkò, ìdérí rẹ̀ kì í jókòó jẹ́ẹ́. A máa gbọ̀n, a máa fò sókè, a sì tún máa padà sílẹ̀, bí ẹni pé ohun alààyè kan wà nínú ìkòkò náà tí ó ń wá ọ̀nà àtijáde. Ìyá àgbà tí ó ń se ẹ̀wà mọ èyí dáadáa. Ìdí rẹ̀ nìyí tí í fi í ṣí ìdérí sílẹ̀ díẹ̀ kí omi má baà hó dànù kí ó sì pa iná. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá de ìdérí mọ́ ìkòkò pinpin, tí a sì tún ń koná mọ́ ọn, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ti jókòó rò ó.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ohun gbogbo tí iná bá mú gbóná ni ó ń fẹ̀. Irin ń fẹ̀, epo ń fẹ̀, omi pàápàá ń fẹ̀. Fífẹ̀ irin kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kì í fi í tètè rí i, fífẹ̀ omi náà kò sì pọ̀ títí di ìgbà tí yóò fi máa hó. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá ti di ooru, èyíinì ni ẹ̀mí gbígbóná tí ń rú sókè láti ojú omi híhó, ife omi kan ṣoṣo yóò fẹ́ àyè tí ó tó ti ife 1,600. Bí a kò bá fún un ní àyè yìí, yóò fi agbára wá a fún ara rẹ̀. Agbára náà lè mú egungun màlúù rọ̀, ó lè fa ọkọ̀ ojú irin, ó sì lè fọ́ ìkòkò irin yángá kí ó sì pa ẹni tí ó dúró tì í. Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ìtàn mọ̀ sí ẹni tí ó dé agbára yìí mọ́ inú ìkòkò, tí ó wá ọ̀nà láti mọ bí ó ti pọ̀ tó, tí ó sì ṣe ọ̀nà kékeré kan tí yóò gbà jáde kí ó tó ṣe ìjàm̀bá.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1647 ni a bí Papin ní agbègbè ìlú Blois, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé. Ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ni ìdílé rẹ̀ ń lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ìjọ Àgùdà ni ọba àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ìlú ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yìí dàbí ohun kékeré nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ṣùgbọ́n ó di ohun tí ó lé e kúrò ní ilẹ̀ baba rẹ̀ títí ayé. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Angers, ó sì gba oyè oníṣègùn ní 1669. Ìbá ti jókòó sí ilé rẹ̀ kí ó máa wo aláìsàn, kí ó sì máa jẹun yó, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn ohun èlò onírin àti ohun tí afẹ́fẹ́ lè ṣe ni ó ń rò tọ̀sán tòru.

Ó gba Paris lọ, ó sì di amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́gbọ́n tí ó lókìkí jù lọ ní Yúróòpù nígbà náà. Huygens ni ó ṣe aago tí ìwọ̀n tí ń fì síwá sẹ́yìn ń darí. Lọ́dọ̀ ọ̀gá yìí ni Papin ti kọ́ bí a ti ń fa afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú ohun èlò títí yóò fi ṣófo. Níbẹ̀ náà ni àwọn méjèèjì ti gbìyànjú láti fi ẹ̀tù ìbọn ṣe iṣẹ́. Wọ́n a fi ẹ̀tù díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá oníhò ńlá kan tí a fi irin róbótó dé nínú, wọn a sì tanná sí i. Ẹ̀tù náà a bú, a sì lé afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá jáde. Nígbà tí ohun gbogbo bá tutù, afẹ́fẹ́ ayé tí ó wà lókè a ti irin róbótó náà wọlé, a sì fa ẹrù sókè. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀tù kò lè lé gbogbo afẹ́fẹ́ jáde tán. Papin fi èyí sí ọkàn, kò sì gbàgbé rẹ̀.

Ní 1675 ó sọdá sí London. Robert Boyle, ẹni tí ó ti ṣe ìwádìí bí afẹ́fẹ́ ti ń tako ẹni tí ó bá fún un mọ́ àyè kékeré, gbà á sí iṣẹ́, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Bí a bá da ẹ̀kọ́ Huygens pọ̀ mọ́ ti Boyle, ó hàn gbangba pé Papin ti ní ohun tí ó nílò. Ó mọ ohun tí í ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá mú afẹ́fẹ́ kúrò nínú ohun èlò, ó sì mọ ohun tí í ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá há a mọ́ inú rẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé kí ó fi iná sí ìsàlẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1679, ó gbé ohun èlò tuntun kan síwájú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó wà ní London. Bí a bá wò ó lóréfèé, ìkòkò lásán ni. Ṣùgbọ́n irin rẹ̀ nípọn, ìdérí rẹ̀ sì bá ẹnu rẹ̀ mu rẹ́gírẹ́gí. Papin fi irin kọdọrọ kan gba orí ìdérí náà kọjá, ó sì yí i le títí tí ooru kò fi rí ibi kankan gbà sá jáde. Ó bu omi sí i, ó kó ẹran àti egungun sí i, ó dé e, ó sì koná sí i nídìí.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó yé akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo. Nínú ìkòkò tí a kò dé pinpin, bí ó ti wù kí a koná tó, omi kì í gbóná kọjá dígírì 100 ti Celsius, nítorí pé bí ó bá ti ń hó, ooru tí ń jáde a máa kó ìgbóná lọ. Ṣùgbọ́n bí ooru kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò máa tẹ ojú omi mọ́lẹ̀, omi kò sì ní í tètè hó mọ́. Ìgbóná rẹ̀ yóò máa lọ sókè. Bí agbára ooru inú ìkòkò bá pọ̀ ní ìlọ́po méjì agbára afẹ́fẹ́ ayé, omi yóò gbóná tó nǹkan bí dígírì 120 kí ó tó hó. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ẹran tí ìbá gba wákàtí mẹ́ta lórí iná a máa jinná láìpẹ́, egungun líle pàápàá a sì máa rọ̀.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí ó lè mú ẹ̀mí lọ. Ẹni tí ó dé ìkòkò pinpin kò lè ṣí i láti wo inú rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ bí inú ti gbóná tó? Báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tí irin fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́? Ní ayé ìgbà náà, kò tí ì sí ohun ìwọ̀n ìgbóná tí ó ṣe é gbára lé. Ọdún 1714 ni Fahrenheit tó ṣe èyí tí ó dára, tí a fi mákúrì sí. Papin ní láti dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ó gbẹ́ ihò kékeré kan sí orí ìdérí ìkòkò náà láti òde, láìjẹ́ kí ó lu. Ó kán omi ẹ̀kán kan sí ihò yìí, ó sì fi ìwọ̀n kan tí a so mọ́ okùn, tí ó ń fì síwá sẹ́yìn, ka ìṣẹ́jú-àáyá tí omi náà fi gbẹ. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó gbẹ, inú ìkòkò kò tí ì gbóná púpọ̀. Bí ó bá gbẹ wéré, ìgbóná ti pọ̀. Ó tún ń wọn èédú tí ó fi dáná, kí ó lè mọ iye tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Báyìí ni ó ṣe ń mọ ohun tí ń lọ nínú ìkòkò láì fojú rí i.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kò tó. Ó yẹ kí ìkòkò náà lè gba ara rẹ̀ là. Nítorí náà Papin tún dá ihò kan sí ìdérí, ó sì fi ìdérí kékeré mìíràn dé ihò náà. Ó gbé ọ̀pá irin lé orí rẹ̀, ó fi ìdí ọ̀pá náà kọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì so ẹrù mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá ìwọ̀n àwọn oníṣòwò. Ìdérí kékeré yìí ni a ń pè ní fáàfù ìdáàbòbò lónìí. Níwọ̀n ìgbà tí agbára ooru kò bá tí ì tó láti gbé ẹrù náà, fáàfù yóò wà ní dídé. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, fáàfù yóò ṣí fúnra rẹ̀, ooru díẹ̀ yóò sá jáde, a ó sì gbọ́ ìró rẹ̀. Nígbà tí agbára bá ti rọlẹ̀, yóò tún padà dé. Ẹni tí ó bá sì ti ẹrù náà síwájú tàbí sẹ́yìn lórí ọ̀pá lè yan iye agbára tí òun fẹ́. Bí fífẹ̀ ihò bá jẹ́ íǹṣì kan níbùú àti lóòró, tí ohun tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sì wọn pọ́n-ùn 10, a mọ̀ pé fáàfù yóò ṣí nígbà tí ooru bá ń ti gbogbo íǹṣì kọ̀ọ̀kan ara ìkòkò pẹ̀lú agbára tí ó ju pọ́n-ùn 10 lọ. Fáàfù kan ṣoṣo yìí ni ó di ohun ìwọ̀n tí ó sì tún di olùṣọ́.

Papin kọ gbogbo èyí sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní London ní 1681. Nínú rẹ̀ ó to oúnjẹ tí ó ti sè lẹ́sẹẹsẹ: ẹran màlúù, ẹran àgùntàn, ehoro, ẹyẹlé, ẹja, ẹ̀wà. Ohun tí ó wù ú jù ni egungun. Ní ìgbà náà, aláìní kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹran jẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́rọ̀ ń da egungun nù. Papin fi hàn pé oúnjẹ ṣì wà nínú egungun bí a bá lè mú un rọ̀, àti pé èédú díẹ̀ ni yóò gbà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1682, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Royal Society jókòó jẹ oúnjẹ alẹ́ tí a fi irú ìkòkò yìí sè. Egungun màlúù àti ti àgùntàn rọ̀ bí wàrà líle, omi egungun náà sì dì, ó sì dùn lẹ́nu. Àwọn ọlọ́gbọ́n jẹ, wọ́n yìn ín, wọ́n sì lọ sí ilé wọn. Ìkòkò náà kò dé ilé àwọn aláìní tí Papin ń rò, nítorí pé irin nípọnnípọn gbówó lórí, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ náwó sí i.

Láti ìgbà náà lọ, ìgbésí ayé Papin dàbí ti àlejò tí kò rí ilé sùn. Ó lọ sí Venice ní ilẹ̀ Ítálì láti ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀. Nígbà tí kò rí èrè, ó padà sí London ní 1684. Royal Society fún un ní iṣẹ́ àfihàn ìdánwò, owó rẹ̀ sì jẹ́ pọ́n-ùn 30 lọ́dún. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní 1685, Louis Kẹrìnlá, ọba ilẹ̀ Faransé, fagi lé òfin tí ó fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní àyè láti sìn. Ọ̀kẹ́ àìmọye wọn sá kúrò ní ilẹ̀ náà. Ilẹ̀kùn ilé bàbá Papin ti tì mọ́ ọn lẹ́yìn. Kò sì lè padà lọ mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Karl, ọba kékeré tí ń ṣàkóso Hesse-Kassel ní ilẹ̀ Jámánì, fẹ́ràn àwọn ọlọ́gbọ́n, ó sì ń gba àwọn tí a lé kúrò ní Faransé. Ó pe Papin wá, ó sì fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Marburg. Ibẹ̀ ni Papin ti rántí ọ̀pá oníhò tí òun àti Huygens fi ẹ̀tù sí nígbà kan rí. Ó rò ó pé, bí ẹ̀tù kò bá lè lé afẹ́fẹ́ jáde tán, kí ni ó dé tí a kò fi lè lo omi? Omi díẹ̀ tí iná bá kàn a máa fẹ̀ di ooru tí yóò kún gbogbo ọ̀pá. Nígbà tí ó bá sì tutù, yóò tún kó ara jọ di omi díẹ̀ náà, yóò sì fi òfo sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ní 1690 ó ṣe àlàyé èyí nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ tí a ń tẹ̀ ní Leipzig. Ó mú ọ̀pá irin oníhò kan, ó bu omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ti irin róbótó kan bọ inú rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní písítìn. Ó fi iná sí ìdí ọ̀pá náà. Omi di ooru, ó fẹ̀, ó sì gbé písítìn sókè. Ó mú iná kúrò. Ooru súnkì, òfo wà lábẹ́ písítìn, afẹ́fẹ́ ayé sì tì í padà wálẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ọ̀pá kékeré tí ihò rẹ̀ kò ju íǹṣì méjì àbọ̀ lọ ni, síbẹ̀ ó gbé ẹrù pọ́n-ùn 60. Fífẹ̀ àti sísúnkì, nǹkan méjì tí ìgbóná àti òtútù ń fi ohun gbogbo ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ni Papin sọ di alágbàṣe. Ó kọ ọ́ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè fa omi jáde nínú kòtò tí a ti ń wa èédú àti irin, ó sì lè mú ọkọ̀ ojú omi rìn láìsí ẹ̀fúùfù. Ṣùgbọ́n kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè ṣe ọ̀pá oníhò ńlá tí inú rẹ̀ yóò dán déédéé bí ó ti yẹ, èrò náà sì wà nínú ìwé lásán.

Papin kó lọ sí Kassel, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọba náà. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa ni Leibniz, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sì ń kọ ìwé sí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1698, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Thomas Savery gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tí ó ń fi ooru omi fa omi láti inú kòtò. Ní 1705, Leibniz fi àwòrán ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí Papin. Papin tún ọ̀nà tirẹ̀ ṣe, ó sì tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde ní 1707. Ṣùgbọ́n owó àtilẹ́yìn rẹ̀ ń dínkù, ó sì pinnu láti padà sí London, níbi tí ó gbà pé òkun àti ọkọ̀ pọ̀ sí, tí àwọn ènìyàn yóò sì mọ iyì iṣẹ́ òun.

Ó kan ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí ó ní ẹsẹ̀ róbótó bí ti kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan tí ó kọ ìtàn lẹ́yìn náà sọ pé ooru omi ni ó ń wa ọkọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1707, Papin kó àwọn ará ilé rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà, wọ́n sì gba orí odò Fulda lọ. Nígbà tí wọ́n dé Münden, níbi tí odò Fulda àti odò Werra ti pàdé, ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ ìlú náà dá wọn dúró. Àwọn nìkan ni òfin fún ní àṣẹ láti kó èrò àti ẹrù gba odò náà. Papin ti béèrè àṣẹ ṣáájú, Leibniz sì ti bá a bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí i gbà. Àwọn atukọ̀ gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì fọ́ ọ túútúú. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni Papin nígbà náà.

Ó dé London lọ́wọ́ òfo. Boyle ti kú ní 1691. Hooke, tí ó tún bá a ṣiṣẹ́ rí, ti kú ní 1703. Isaac Newton ni olórí Royal Society. Papin ń kọ ìwé sí ẹgbẹ́ náà léraléra, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní owó díẹ̀ láti fi dán ẹ̀rọ òun wò. Wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ràn án lọ́wọ́ bí ó ti fẹ́. Ìwé rẹ̀ tí ó kẹ́yìn tí a rí jẹ́ ti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1712, nínú èyí tí ìṣẹ́ rẹ̀ hàn gbangba. Ní ọdún 1712 yìí kan náà, nítòsí Dudley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Newcomen, oníṣòwò irin, gbé ẹ̀rọ ńlá kan dúró tí ó ń fa omi jáde nínú kòtò èédú. Ọ̀pá oníhò, písítìn, ooru tí ń súnkì, afẹ́fẹ́ ayé tí ń ti písítìn wálẹ̀: gbogbo ohun tí Papin ti kọ sílẹ̀ ní ọdún 22 ṣáájú ni ó wà nínú rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ St Bride's ní London fi hàn pé a sin Denis Papin ní oṣù kẹjọ ọdún 1713. Kò sí òkúta tí a gbé lé ibojì rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ayé tó mọ bí fáàfù kékeré náà ti ṣe pàtàkì tó. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe bọ́ílà, èyíinì ni ìkòkò irin ńlá, tí agbára ooru inú rẹ̀ pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Richard Trevithick ní ọ̀kan ní Greenwich ní 1803. Ọmọdékùnrin tí a fi ṣọ́ ọ lọ pẹja. Ẹni tí ó fi ṣọ́ ọ fún un dá ẹ̀rọ dúró láì tú ohun tí ó tẹ fáàfù mọ́lẹ̀. Iná ń jó, ooru ń fẹ̀, kò sì rí ọ̀nà jáde. Bọ́ílà náà bú, ó sì pa ènìyàn mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà, Trevithick bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáàfù méjì sí bọ́ílà kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1865, bọ́ílà ọkọ̀ Sultana bú lórí odò Mississippi ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó kú ju 1,000 lọ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ogun tí ń ti ojú ogun padà sílé.

Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà wọ àwọn ènìyàn létí. Ní 1849, Eugène Bourdon ní Paris ṣe aago ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí bí agbára inú bọ́ílà ti pọ̀ tó. Ní 1879, ọdún 200 géérégé lẹ́yìn tí Papin fi ìkòkò rẹ̀ han àwọn ọlọ́gbọ́n London, Charles Chamberland ṣe irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ fún pípa kòkòrò àìsàn tí ó wà lára ohun èlò. Ilé ìwòsàn gbogbo ni ó ń lò ó di òní, iṣẹ́ Papin sì padà sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn tí ó ti kúrò láàárín wọn.

Ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá òde òní, kì í ṣe ooru nìkan ni a ń ṣọ́. A ń ṣọ́ irin pàápàá. Irin tí ó gùn ní mítà 10, bí ìgbóná rẹ̀ bá fi dígírì 100 lọ sókè, yóò gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà 12. Ó dàbí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí a bá de orí rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ pinpin, yóò tẹ̀ tàbí kí ó fa ìdè rẹ̀ ya. Nítorí náà, tánkì gígùn tí a tẹ́ sílẹ̀ a máa ní ẹsẹ̀ kan tí a dè mọ́lẹ̀, àti ẹsẹ̀ kejì tí a fi sílẹ̀ kí ó lè yọ̀ síwájú sẹ́yìn nínú ihò gbọọrọ. Àwọn òṣìṣẹ́ a sàmì sí ara irin náà kí wọ́n lè wọn bí ó ti rìn tó. Wọn a tún lẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lára. Bí irin bá fẹ̀, wáyà náà yóò fà, kò sì ní í jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá bí ti àtẹ̀yìnwá, ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n sì ń kà. Bí irin bá tutù tí kò sì padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́, wọn a sì dá iṣẹ́ dúró kí ó tó di ìjàm̀bá. Ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó kán omi sí orí ìdérí ìkòkò tí ó sì ń kà á bí ó ti ń gbẹ.

Papin kò ní ilé, kò ní ọrọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ fọ́, òun kọ́ ni ó sì jèrè ẹ̀rọ tí ó rò. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí ń se ẹran líle ní kíá, tí ó ń súfèé lórí sítóòfù nínú ilé ìdáná, ọmọ ìkòkò rẹ̀ ni, òun sì ni ìkòkò tí ó fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Súfèé náà kì í ṣe ariwo lásán. Fáàfù ni ó ń sọ fún ẹni tí ń dáná pé agbára inú ìkòkò ti tó, àti pé òun ti ṣí ọ̀nà fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo agbára, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀nà àbájáde sílẹ̀ fún un.